Ìwọ̀n Kan, Obìnrin Méjì

Nígbà kan, kí n tó bọ́jú láàárọ̀, kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, orí ìwọ̀n ni mo máa ń kọ́kọ́ gùn. Ìwọ̀n pẹlẹbẹ onígíláàsì ni, irú èyí tí èèyàn ń dúró lé láti mọ bí òun ṣe wúwo tó. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ìwẹ̀ mi ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo gbé e sí. Ọwọ́ obìnrin kan tó ń ta ẹrù àlòkù ní Kùtọnu ni mo ti rà á, orí itan mi ló sì wà nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé, nítorí mi ò fẹ́ kó fọ́.

Dókítà ló fà á. Obìnrin ni dókítà wa, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ohun tí gbogbo wa ń pè ní táńsíọ́n lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ó ní ó ti ń gòkè. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn dáadáa, kí n sì jẹ́ kí ara mi fúyẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ ló sọ, mo sì gbọ́ ọ. Àmọ́ kí n tó ti ilé ìwòsàn dé ilé, díẹ̀ ti di púpọ̀ lọ́kàn mi.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìbéèrè ni iṣẹ́ mi, ìbéèrè náà sì ni àìsàn mi. Kò pẹ́ rárá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí lórí ìwọ̀n náà. Mo gùn ún kí n tó tọ̀, mo tún gùn ún lẹ́yìn tí mo tọ̀ tán. Mo mu omi kún ife ńlá kan, mo padà sórí rẹ̀, ó ní mo ti wúwo sí i, bí ẹni pé ọ̀rá ni mo mu. Mo gbé e kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, mo gbé e sórí táìlì, iye yàtọ̀. Mo sún un díẹ̀ sápá òsì, ó tún yàtọ̀. Olùkọ́ tó rí i pé irinṣẹ́ òun ń purọ́, ṣé kò yẹ kó jù ú nù? Èmi ò jù ú nù o. Mo wá ibi tó ti ń pa irọ́ tó dùn mọ́ mi nínú, mo sì fi í síbẹ̀.

Èmi náà ní irọ́ tèmi. Mo máa ń yọ yẹtí. Mo máa ń tú gèlè. Mo máa ń mí èémí inú mi jáde pátápátá, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ náà ní egungun. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, tí wọ́n fi irun àtọwọ́dá kún un, n kì í gùn ún lọ́jọ́ náà, kí ìwọ̀n má baà ka irun onírun mọ́ tèmi. Bí iye náà bá lọ sílẹ̀, mo ń kọ́ni tayọ̀tayọ̀. Bó bá lọ sókè, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti mọ̀ láti ibi tí mo ti ṣílẹ̀kùn.

Àwọn ará ìlú wa ò gbárùkù tì mí. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tó ń yin èèyàn pé ó rù. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tòmátì, á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Màdáàmù, ṣé kò sí wàhálà o? Ṣé ọ̀gá ṣì ń wálé?" Paraku ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá nígbà tó bá rí àyè, àwọn ọmọ wa sì wà nílé ẹ̀kọ́ ní Kùtọnu, nítorí náà ilé mi dákẹ́ rọ́rọ́, ó rọrùn fún àwọn èèyàn láti fi ìbànújẹ́ kún inú rẹ̀ fún mi. Àwọn kan á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní àwọn á fi mí sínú àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ó ń dùn mọ́ mi. Mo gbà pé bí wọ́n bá ti ń káàánú mi, ohun tí mò ń ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí ìyá mi wá bá mi gbé.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá mi ní Kabúà níbi tó ń gbé, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí Paraku, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lára ìfun. Ó ti ọ̀nà ibi tí a kì í fẹ́ dárúkọ padà. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ti rù hangogo. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ẹbí ní kó wá, nítorí ilé ìwòsàn ò jìnnà sí mi, dókítà mi yẹn náà ló sì gba ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà sọ iye tí ìyá mi gbọ́dọ̀ wúwo tó kó tó lè padà sí oko kajú rẹ̀. Ó ní àti gígun sẹ́mì, alùpùpù akérò, lórí ọ̀nà Kabúà, àti bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti máa ṣa nǹkan, ẹni tí kò lẹ́ran lára kò lè fara dà á, ojú egbò inú lè là. Nígbà tó gbọ́ pé mo ní ìwọ̀n nílé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n máa wọn ìyá mi ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n sì mú un wá lẹ́yìn oṣù kan.

Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ oṣù kan. Àsìkò kajú ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbin àwọn igi kajú rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tó máa ń tètè so àti èyí tó lọ́lẹ. Kajú tó bá sì ti bọ́, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí iná ìgbẹ́ ò bá jó o, òjò á bà á jẹ́, tàbí kí ẹni tí kò gbìn ín bá ọ ṣa á. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láàárọ̀, á kọjú sí òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, á ní, "Kajú ń bọ́ ní Kabúà, èmi ń wo òkúta ní Ṣábẹ̀ẹ́."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ìwọ̀n hàn án, ó yí i ká, kò fẹsẹ̀ kàn án.

"Ta ló ni ín?"

"Èmi ni mo ni ín, Ìyá."

"Ta ló ń bá ẹ kà á?"

"Èmi náà ni."

"Ìwọ lo gùn ún, ìwọ lo tún kà á?" Ó mi orí. Ní gbogbo ayé rẹ̀, bàsíkù olùrà kajú nìkan ni ìwọ̀n tó mọ̀, ìwọ̀n ńlá tí wọ́n ń gbé àpò lé. Nídìí bàsíkù, èèyàn méjì ló máa ń dúró, ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà, kò sì sí èyí tó fọkàn tán èkejì. Olùrà ní ọgbọ́n tó ń ta fún ìwọ̀n, ẹni tó ń tà náà ní ọgbọ́n tó ń ta fún àpò, ibi tí ọgbọ́n méjèèjì bá ti pàdé ni wọ́n ń pè ní òdodo. Ìwọ̀n tí èèyàn kan ṣoṣo ń bá ṣe pọ̀ yìí rú u lójú. Ó ní, "Ta wá lo ń bá dù ú?"

Mo rò pé àwàdà ni.

Kí ó tó gbà láti gùn ún, ó dán an wò. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá ìwọ̀n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, odó ló wà lórí rẹ̀. Ó ti wọn odó tán, ó wọn ọmọrí odó, ó wọn ológbò, ológbò fá a lọ́wọ́. Obìnrin alámùúlégbè wa ti gbé iṣu wá láti wá wọ̀n, nítorí ó fura sí ẹni tó tà á fún un. Ìyá mi ń pàṣẹ fún un bí ọ̀gá. Nígbà tó sú u, ó dá ẹjọ́: "Ìwọ̀n yìí ò burú. Irọ́ rẹ̀ ò pọ̀." Ó wá bọ́ bàtà, ó gùn ún. Kílò mẹ́rin ló kù kó tó dé ibi tí dókítà sọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Mẹ́rin ò jù. N óò rí i."

Àwo kan la fi ń jẹun láti ọjọ́ tó ti dé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ máa bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. "Èèyàn méjì péré nínú ilé, kí wọ́n wá máa dá jẹun bí ẹni tó ń jà?" Nítorí náà, a máa ń jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé lálaalẹ́, iyán nínú àwo kan, ọbẹ̀ nínú àwo kejì, ọwọ́ wa méjèèjì á máa wọ ibẹ̀. Èmi ni mò ń sè é, n kì í sì í sè é púpọ̀. Bí mo bá mú iṣu, n óò gé e sí méjì, n óò dá ìdajì padà sínú apẹ̀rẹ̀, torí mo mọ ara mi, bí iyán bá wà nílẹ̀ n óò jẹ ẹ́. Mo máa ń mú òkèlè díẹ̀, òkèlè wẹ́wẹ́, kí n tó ṣíwọ́. N óò ní, "Mo ti yó o. Ìyá, ẹ máa jẹun yín." N óò dìde lọ máa ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mi, inú mi á sì dùn pé mo fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹni tó nílò rẹ̀.

Bí mo bá padà wá, oúnjẹ á ṣì wà níbẹ̀. Ẹran á wà níbẹ̀. Ó ti fi àwo dé e mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn ṣe rí nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń là. Láàárọ̀ n óò dà á fún adìẹ alámùúlégbè wa. Àwọn adìẹ yẹn sanra lọ́dún náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ìyá mi ń wúwo sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, iye lọ sókè. Ìkejì, ó tún gòkè. Mo kọ́kọ́ yọ̀, n kò purọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó ti ológbò, níbo ló ti ń rí ẹran ara? Ìró tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì ṣì ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó bóyá omi ló ń kó sí i lára, mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò jìn. Mo rò ó bóyá ìwọ̀n ló ṣì, èmi náà gùn ún lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ara mi ṣì ń fúyẹ́ lọ bó ṣe ń ṣe bọ̀. Ìwọ̀n kan náà, ilẹ̀ kan náà, òun ń lọ sókè, èmi ń lọ sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú irú èsì yẹn wá bá mi, n óò ní kó lọ tún un ṣe.

Mo kíyè sí i pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, á ní kí n dúró kí òun wọ yàrá ná. Á jáde wá pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó ró pinpin, á sì máa rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ru ẹyin. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tú ìró sílẹ̀ kó tó gùn ún. Ó bojú wò mí. "Ọmọ wo ló ń tú ìró ìyá rẹ̀ nítorí ìwọ̀n?" Mo wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ó tún ti lè bá mi wí báyẹn.

Nígbà tí oṣù pé, iye tí dókítà sọ ti pé. Ìyá mi ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní láti ilé ìwòsàn ni òun á ti gba Kabúà lọ tààrà.

Ìwọ̀n ti dókítà yàtọ̀ sí tèmi, onírin ni, ó ga dé àyà èèyàn. Dókítà ti ilẹ̀kùn, ó fa aṣọ ìkélé, ó ní, "Ìyá, ẹ tú ìró yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ku tòbí nìkan." Ìyá mi ní òtútù ń mú òun. Dókítà ní oòrùn ń ràn. Ìyá mi ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí wọ́n wọn òun bẹ́ẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tú ìró náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ mọ tòbí, aṣọ ìsàlẹ̀ àwọn ìyá wa, tó ní àpò níwájú tí wọ́n ń kó owó sí. Àpò tòbí ìyá mi yọ jáde gbọ̀ngbọ̀n bí ikùn aboyún. Bí dókítà ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, okùn já.

Òkúta ló dà sílẹ̀. Gbì, gbì, wọ́n yí lọ sábẹ́ tábìlì. Òkúta ẹsẹ̀ òkè ẹ̀yìn ilé wa ni, ó ti fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní.

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí n óò wò. Dókítà mú ọ̀kan, ó yí i wò, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ ń rín? Nínú gbogbo ẹni tó ń ta kajú ní Kabúà, ẹ mú ẹni tí kò fi òkúta sí ìdí àpò rí wá fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwọ̀n ni ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló wá. Mo rántí yẹtí tí mo ń yọ, mo rántí èémí tí mo ń mí jáde. Obìnrin méjì nínú ilé kan, ọ̀kan ń rẹ́ ìwọ̀n jẹ lọ sókè, èkejì ń rẹ́ ẹ jẹ lọ sílẹ̀, ìwọ̀n náà sì dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba tọwọ́ àwa méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ìyá mi gun ìwọ̀n láìsí òkúta. Ẹ̀rín dókítà tán. Ó tún un wò. Ìyá mi fúyẹ́ ju ọjọ́ tó kúrò ní Paraku lọ.

Dókítà kọjú sí mi. "Màdáàmù, kí lẹ ń fún wọn jẹ?"

Inú bí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, iyán, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà. Mo ní, "Oúnjẹ wà nílé mi. Àwọn ni wọn kì í jẹ ẹ́."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ kì í jẹun?"

Ìyá mi kọ́kọ́ wo ojú mi. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń wo dókítà. "Mò ń jẹun. Bí ọmọ mi bá ṣe jẹ ẹ́ sí ni mò ń jẹ ẹ́. Bó bá ti ṣíwọ́, èmi náà á ṣíwọ́."

"Nítorí kí ni?"

"Dókítà, ẹ tún ń béèrè? Mo dé ilé ọmọ mi, mo bá a tó ti rù. Iṣu tí kò tóbi, ó ń gé e sí méjì, ó ń tọ́jú ìdajì. Òkèlè tí kò tó ti ọmọdé, ó ní òun ti yó. Èmi ni mo bí i, mo mọ bó ṣe ń jẹun. Mo ní àṣé oúnjẹ ni ò tó, kò fẹ́ kí n mọ̀. Ṣé kí n wá jókòó, kí n jẹ ti ọmọ mi tán? Mo ń fi í sílẹ̀ kó lè rí nǹkan jẹ bí mo bá sùn." Ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìdí tí mo fi fẹ́ tètè lọ nìyẹn. Bí mo bá lọ, ẹnu kan á dín. Iṣu mi wà ní Kabúà, n óò máa fi ránṣẹ́ sí i."

Mo ń fi oúnjẹ sílẹ̀ fún un, òun ń fi í sílẹ̀ fún mi, adìẹ ń jẹ ẹ́. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n tayọ̀tayọ̀, èèyàn méjì ló ń rù nínú ilé náà, ọ̀kan nínú wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ikú bọ̀ ni. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo sunkún níbẹ̀, lójú dókítà, ìyá mi sì ń fi etí ìró nù mí lójú bí ẹni pé èmi ni aláìsàn.

Dókítà ní kí èmi náà jókòó. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀, ó rí i pé ó funfun. Ó ní táńsíọ́n mi kò burú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mi ò tó. "Iyọ̀ ni mo ní kí ẹ dín kù, màdáàmù. Mi ò ní kí ẹ dín ara yín kù." Ó ní kí n fi ìwọ̀n òwúrọ̀ sílẹ̀, bí mo bá fẹ́ wọn ara mi, kí n máa wá sọ́dọ̀ òun nígbà tí oṣù bá yí.

Nígbà tí a délé, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ìyá mi pé oúnjẹ wà, pé èmi ni mo ń sá fún un. Kò kọ́kọ́ gbà. Ta ló ní oúnjẹ tí á máa sá fún un? Nígbà tó gbà tán, òun náà bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé inú ọ̀rá ni táńsíọ́n ń gbé ni? Kí ló wá dé tó fi bá ọ̀rẹ́ òun kan ní Kabúà, tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀? Bí èèyàn bá fúyẹ́, kí ni wọ́n ń fi ìyókù ṣe? Ta ni mo fẹ́ kó rí i, nígbà tí ọkọ mi wà ní Paraku? Mo dá a lóhùn títí ó fi rẹ̀ mí. Àwọn kan nínú ìbéèrè náà, mo ṣì ń wá èsì wọn di òní.

Mo gbé odidi iṣu kaná lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gún un, a jókòó ti àwo. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò rí láti oṣù kan. Mo mú òkèlè, ìyá mi mú òkèlè. Mo dúró díẹ̀, ó dúró, ó ń ṣe bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja. Mo mú òkèlè ńlá, tirẹ̀ náà tóbi. Mo yára, ó yára. Mo fi ọbẹ̀ ra ọwọ́ lásán, mi ò mú nǹkan kan, òun náà fi ọbẹ̀ ra ọwọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí mò ń rín. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láti kékeré ni mo ti gbọ́ òwe yẹn, mi ò mọ̀ pé àgbà kan lè máa wẹ̀yìn títí ebi á fi fẹ́ pa á. Mo jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun náà jẹ. Àwo mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ. Iyọ̀ kò pọ̀ nínú ọbẹ̀, ìyá mi ń ráhùn, ó ń jẹ ẹ́. Nírọ̀lẹ́ a máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń pinnu bí a ṣe máa jìnnà tó. Ìwọ̀n mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Láwọn òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi ń yà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé, bí ìwọ̀n kò bá sọ fún mi bí mo ṣe jẹ́ lónìí, báwo ni n óò ṣe mọ̀ ọ́n? Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo máa ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọjọ́ tí ara mi yá gágá àti ọjọ́ tó rẹ̀ mí. Ara kan náà ni, mi ò kàn bi í léèrè rí ni.

Àsìkò kajú ti ń lọ sópin kí dókítà tó fún ìyá mi láyè. Kò sí òkúta nínú tòbí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ó pé. Mo rò pé á fò dìde, á ké sí ẹni tó ń wa sẹ́mì. Ó jókòó pa.

"Ẹ gbé òun náà sórí ìwọ̀n," ló sọ, ó nawọ́ sí mi.

Mo gùn ún pẹ̀lú yẹtí mi, pẹ̀lú irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di. Dókítà kà á. Ìyá mi ò béèrè iye rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó kéré, àbí ó pọ̀?"

"Ó tó, Ìyá."

"Ó tó? Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó gbé ìwọ̀n mi lọ sí Kabúà. Ó ní ohun tó lè wọn ológbò lè wọn kajú tó kù, kí olùrà kan tí òun mọ̀ wá rí i pé òun náà ti ní ìwọ̀n. Yàrá ìwẹ̀ mi fẹ̀ sí i, n óò sọ òótọ́. Ó tún dákẹ́ jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oòrùn ò tíì wọ̀, mo se iṣu, mo din ẹyin sí i. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ fi ẹnu kàn án kí n sì lọ dùbúlẹ̀. Bí mo ṣe gbé àwo sílẹ̀, fóònù dún. Ìyá mi ni.

"O ti jẹun?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sílẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

"Jẹun. Mo wà níbí."

Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ olùrà kajú fún mi ni. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kò sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ adìẹ Kabúà, mo ń gbọ́ ẹni tó ń kí i látòkèèrè, òun náà sì ń dá a lóhùn. Mo jẹ títí mo fi yó. Mo gbé fóònù, mo ní, "Ìyá, mo ti yó o."

"Yíyó gidi?"

"Yíyó gidi ni."

Mo gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò tó ń ṣí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Jẹ́ kí èmi náà bu tèmi."